Awò Ojú Tí Wọ́n Wọ̀n fún Mi Láti Àbújá

Bí mo bá dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ère, tí mo sì ní kí bàbá ìyàwó mi yàgò lọ́nà, ọjọ́ yẹn ò ní tán lọ́kàn mi. Àkówọ́njó ló ti ṣẹlẹ̀, lójú ọ̀nà tí mò ń gbà lójoojúmọ́, ọ̀sán gangan sì ni.

Irun ni mò ń gẹ̀ jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé bàbá ìyàwó mi, Àlàájì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti fẹ̀yìn tì nídìí òwò pákó. Òun ló fún mi ní ṣọ́ọ̀bù náà lọ́dún tí mo fẹ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kí n má purọ́, ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Bí mo bá jókòó síta nírọ̀lẹ́, iná àwọn ilé òdìkejì á máa mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n wà lábẹ́ omi, àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá á máa rá bàbà kọjá bíi labalábá, ariwo àdúgbò pàápàá á dà bíi pé ó ń ti inú oorun wá. Mo rò pé ìfọkànbalẹ̀ àgbà ló ń wọlé dé. Àfi ìgbà tí mo fi kílípà gé oníbàárà kan létí, tí mo tún gbé ìlà iwájú orí ẹlòmíì dé àtàrí.

Àlàájì pè mí sí pálọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹjọ́ rẹ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan tó ń ta fóònù ti ń bẹ̀ mí lórí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí n bá tún gbọ́ pé o ba orí ẹnikẹ́ni jẹ́, màá fún un. Lọ wá nǹkan ṣe sí ojú rẹ."

"Mo ti gbọ́, Bàbá." Ẹ̀rù bà mí gidi. Ta ni mo fẹ́ wí fún pé wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi nílé àna mi?

Bí Ọlọ́run ṣe máa ṣe é, ètò awò ọ̀fẹ́ méjì ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ti káńsù wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, nọ́ọ̀sì kan ló ń ṣe é. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní pápá ńlá kan ní Ìgandò. Bọ̀dá Rájí, tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ní kí n lọ sí ti ẹ̀yìn ilé.

"Nọ́ọ̀sì yẹn mọ gbogbo wa níkọ̀ọ̀kan jàre."

"Káńsù tí ò lè kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà iwájú ilé mi, ṣé ojú mi ló máa wá rí ṣe? Nǹkan tó bá ti Àbújá wá, ojúlówó ni. Orísun lomi ti ń mọ́. Kó tó ṣàn dé ọ̀dọ̀ káńsù, gbogbo ayé ti fọ ẹsẹ̀ sí i."

"Àmọ́ Àbújá ò mọ àdúgbò wa."

"Mi ò ní kó mọ àdúgbò mi. Ojú mi ni mo ní kó mọ̀." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgandò.

Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe tò síbẹ̀! Àgọ́ funfun, àga oníke, bọ́ọ̀sì ńlá tó ń mú ara tutù. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ò gbójú sókè wò mí, ó kàn na páálí awò kan sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní wọn ojú mi ni?"

"Wọ́n ti wọ̀n ọ́n láti Àbújá, Bàbá."

"Ojú tèmi?"

"Ojú gbogbo yín, sà. Ẹ máa wọ̀ ọ́, ó máa mọ́ yín lára."

Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá ti yí padà sílé. Èmi ńkọ́? Orí mi wú. Èmi tí n kò dé Àbújá rí, Àbújá ti jókòó, ó ti wọn ojú mi! Mo gbé awò náà sójú, mo sì rọra jáde.

Ilẹ̀ gbéra sọ. Ẹsẹ̀ mi jìnnà sí mi, ó dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì tí wọ́n ní kí n bá wọn mú délé. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Egbédá láìtíì dé ibi tí mò ń lọ nìyẹn, mo bá fẹsẹ̀ rin ìyókù. Mo ń gbé ẹsẹ̀ ga fò gọ́tà tí kò sí níbẹ̀, mo sì ń já sínú èyí tó wà. Síbẹ̀, ayé rọ̀ lójú mi. Àwọn ilé ń tẹ̀ síwájú bíi pé wọ́n ń kí mi. Kò sẹ́ni tó ní ojú, kò sẹ́ni tó ní ìbínú, òòrùn wá dà sórí gbogbo nǹkan bí epo. Mo tilẹ̀ ń kọrin lábẹ́ ẹnu.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n délé, nǹkan kúkurú kan dúró lójú ọ̀nà mi. Mo ní, "Ẹ yàgò díẹ̀ jàre," mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Níwájú ni mo ti rí ọkùnrin gíga kan nínú agbádá funfun, tó dúró jẹ́ẹ́. Mo ní Bàbá Alága ẹgbẹ́ onílé nìyí, ẹni tí kì í dá èèyàn lóhùn bọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàsán, sà!"

Kò dáhùn. Ẹ sì mọ̀ pé èèyàn kì í dédé dìde níwájú àgbà bí àgbà náà ò bá tíì ní kó dìde. Mo dúró sílẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ fún un nípa awò Àbújá. Kò fèsì. Mo ní, "Sà, ṣé kí n dìde?" Ó dákẹ́.

Télọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ jáde síta. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

"Bàbá Alága ni mò ń kí."

Ó bá bọ́ agbádá náà kúrò lọ́rùn ẹni tí mò ń kí. Ike lásán ló kù, ère tó máa ń wọ aṣọ fún kí oníbàárà lè rí i.

"Dìde," ohùn kan wí lẹ́yìn mi. Ohùn Àlàájì ni. "O ní kí èmi yàgò. O wá dọ̀bálẹ̀ fún ike."

Ṣọ́ọ̀bù mi ni mò ń rí tó ń lọ. Ìbẹ̀rù ló mú mi sọ ọ̀rọ̀ tí n kò rò. "Bàbá, awò tuntun ni, ó ń mọ́ mi lára lọ́wọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó, kí n tún irùngbọ̀n yín ṣe, ẹ máa rí iṣẹ́."

Àlàájì wò mí, ó tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì jókòó lóòótọ́. Irùngbọ̀n tó ti ń tọ́jú láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé, funfun báláú. Méjì ni mo rí. Mo mú ti ọwọ́ òsì. Kílípà kọrin, nǹkan funfun kan sì rọra ń já bọ́ nínú afẹ́fẹ́, jẹ́ẹ́, bí òwú. Ó dára ní wíwò.

"Láìláhà ilàláhù!" Bọ̀dá Rájí ló ké bẹ́ẹ̀, ó ju bàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan àgbọ̀n Àlàájì ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ó wo dígí pẹ́. Ó yọ awò náà lójú mi, ó gbé e sí tirẹ̀, ó sì tètè yọ ọ́.

"Ẹni tó fún ẹ ní nǹkan yìí, ṣé ó wojú rẹ?"

"Kò wò ó, Bàbá."

Ó fà mí lọ́wọ́, pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ilé ìwòsàn káńsù. Nọ́ọ̀sì rí mi láti ẹnu ọ̀nà, ó pariwo, "Há, ẹ̀yin lẹ gé àbúrò mi létí! Mo ti ń retí yín o!" Gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ yíjú wò mí. Ọkùnrin kan fọwọ́ bo etí ara rẹ̀.

Àmọ́ ó wọn ojú mi. Ó mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pààrọ̀ awò títí tí àwọn lẹ́tà ara ògiri fi jáwọ́ nínú ijó. Ó wá kù sí férémù. "Ẹ má bínú, ọ̀gá wa ti kó àwọn tó dáa fún àwọn èèyàn rẹ̀. Èyí nìkan ló bá ojú yín mu." Ti obìnrin ni, píǹkì, òkúta wínníwínní ń tàn létí rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́. Ká tó délé, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé bí afọ́jú ni mo ṣe ń gẹ orí wọn látọjọ́ yìí.

Mo wá ríran. Mo rí èérí tó wà lára dígí mi. Mo rí Àlàájì pẹ̀lú. Ó ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ, ojú rẹ̀ sì rẹ̀. Ó dùn mí pé n kò rí i tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó kílípà mi sínú àpò kó tó lé mi.

"Kí lò ń kó?" Ó ti jókòó sórí àga. Àwọn èèyàn ti pé jọ síta. "Fá ìyókù."

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Bí èmi ò bá jókòó fún ẹ lónìí, ta ló tún máa jókòó fún ẹ ládùúgbò yìí?"

Mo fá a. Mi ò gé e lára. Ó dìde, ó fọwọ́ ra àgbọ̀n rẹ̀, ó sì kọjú sí àwọn tó ń wòran. "Ó ti ń ríran. Ẹ wá tò."

Bí wọ́n bá ń jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí pé ti Àbújá ló dára tàbí ti káńsù, ohun tí mo máa ń sọ ni pé Àbújá ò mọ̀ mí rárá, káńsù sì mọ̀ mí jù. Ẹni tó jìnnà wọn ojú mi láìrí i. Ẹni tó sún mọ́ mi rí i dáadáa, ó sì ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ayé. Tó bá jẹ́ èmi ni, kí owó ti Àbújá wá, kí ọwọ́ jẹ́ ti nọ́ọ̀sì, kí ẹnì kan sì jókòó ti ọ̀gá tó ń kó férémù.

Irùngbọ̀n Àlàájì ti hù padà. Òun náà ló ń kọ́kọ́ jókòó fún mi ní àárọ̀ Jímọ̀, àmọ́ bí mo bá ti tan kílípà, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú. Ẹ̀rín máa ń pa mí. Mo máa ń rín in sínú ni, kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n.