Katapílà Alágolo ti Lamjed A-fẹnu-wó-òkè

Ní ìlú wa Metlawi, níbi tí eruku fọ́sífétì tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ti ń wọ inú tíì kí ṣúgà tó débẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Lamjed Hamruni. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú rẹ̀ o. "Ọ̀gá Awakọ̀" ni kí ẹ pè é. Bí ẹ bá fẹ́ kó ra tíì fún yín, ẹ fi díẹ̀ kún un: Ọ̀gá Awakọ̀, A-gé-òkè-bí-ẹní-gé-búrẹ́dì, Ọkọ Katapílà Nọ́ńbà Keje, Akọni tí eruku ń yà fún! Bí ẹ bá pè é ní Lamjed lásán, á wò yín bí ẹni tó jí bàtà rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí.

Ohun tí gbogbo wa mọ̀, tí a kì í sọ nítorí tíì ọ̀fẹ́, ni pé Lamjed ò wa katapílà rí. Ìdí ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì. Katapílà á wá, Lamjed á rọ epo fún un, katapílà á lọ, Lamjed á dúró.

Bàbá Mbarek Zidi ló wa Nọ́ńbà Keje fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ariwo ẹ́ńjìnnì náà ti gba etí ọ̀tún rẹ̀ lọ. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í ra tíì fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n lè máa yìn ín.

Ìyáàfin Raoudha, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Sfax, ló ń ṣètò ilé tí wọ́n fẹ́ kó àwọn ohun ìrántí iṣẹ́ ìwakùsà sí. Ó dùn ún pé wọ́n ti gé Nọ́ńbà Keje tà fún àwọn onírin àlòkù. Ni Lamjed bá dìde.

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Èmi á tún un kọ́, ní kékeré. Ibi tó bá jẹ́ mítà kan lára ìyá rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni yóò jẹ́ lára ọmọ. Ẹ gbé e sínú gíláàsì, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Lamjed Hamruni ló wà á fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wà á ni, sà?"

"Ta ni ì bá tún wà á?"

Àlejò ni Raoudha. Ó gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan: ọwọ́ Lamjed mọ iṣẹ́. Agolo sadíìnì ló ń gé, tó ń tẹ̀, tó ń lu ihò sí, tó fi ń ṣe àwọn àwo irin tí katapílà fi ń rìn, ogójì lápá ọ̀tún, ogójì lápá òsì. Inú bírò tó ti gbẹ ló fi ṣe àwọn ọ̀pá tó ń gbé abẹ iwájú sókè. Ó mú abẹ náà gan-an lára ìkòkò ìyàwó rẹ̀, kò sì tọrọ rẹ̀.

Khmissa, ìyàwó rẹ̀, figbe ta. "Lamjed, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tá a ti ń jẹ sadíìnì! Àwọn ológbò àdúgbò ti ń tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà!"

"Ṣe sùúrù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti pé. Ẹsẹ̀ òsì ló ku àwo mọ́kànlá."

"Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ ẹ́?"

Ìṣòro Lamjed ni pé ẹnu ojò epo nìkan ló mọ̀ dunjú lára katapílà. Ló bá ra ìpápánu makrud onídàbínù, ó gba ilé Bàbá Mbarek lọ, ó ń bi í ní ìbéèrè bí ẹni tó kàn ń ṣeré. Kẹ̀kẹ́ kékeré mélòó ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Eyín mélòó ló wà lẹ́nu kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn tó ń fa ẹsẹ̀ náà? Bàbá dá a lóhùn dáadáa. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé ẹnì kan ṣì rántí ẹ̀rọ òun.

Àfi ọjọ́ tí èmi àti Bàbá kọjá níwájú ilé ohun ìrántí Raoudha, tí a rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pé Lamjed Hamruni ló wa Nọ́ńbà Keje. Bàbá kà á. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un kà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni?"

"Lamjed ń bọ̀ wá bi mí léèrè lọ́la."

"Kí lẹ ó wá ṣe?"

"Màá dá a lóhùn."

Ní ọjọ́ kejì, Lamjed dé pẹ̀lú makrud. "Bàbá, kí ló wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ yẹn gan-an?"

"Kọ́tìnì."

"Kọ́tìnì?"

"Pupa, olódòdó. Nígbà tí òkè bá fẹ́ ya lulẹ̀, èèyàn kì í fẹ́ rí i."

Lamjed kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá sọ fún un pé agogo ẹnu ọ̀nà wà lára abẹ iwájú. "A máa ń tẹ̀ ẹ́ kí òkè lè mọ̀ pé a ti dé." Ní ọjọ́ kẹrin, ó kan àgò adìyẹ. "Nítorí ẹyin àárọ̀ ni."

"Adìyẹ mélòó, Bàbá?"

"Méjì. Abo ni méjèèjì o. Àkùkọ àti ẹ́ńjìnnì ò lè jọ gbé, olóhùn gooro ni àwọn méjèèjì."

Lamjed kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ "abo."

Ọjọ́ ṣíṣí ilé náà pé. Olórí àgbègbè wá láti Gafsa. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ wọ kóòtù, wọ́n jókòó síwájú. Lamjed wọ kóòtù tirẹ̀, ó dé akoto aláwọ̀ ìyeyè lé e, ó mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lórí katapílà náà, gbogbo yàrá na ọrùn. Ó rẹwà! Lamjed fi ìka tì í, ẹsẹ̀ agolo náà yí rọra, àwo kan tẹ̀ lé èkejì.

Ká ní ó ti panu mọ́ níbẹ̀ ni.

"Kọ́tìnì rèé," ó ní. "Nítorí ìpayà òkè."

Ìlà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Èyí ni agogo ìkíni." Ó tẹ̀ ẹ́. Kiríín!

Awakọ̀ kan bo ojú mọ́ fìlà. Lamjed tẹ̀ sọ́dọ̀ olórí àgbègbè. "Ìlara ni, Ọ̀gá. Wọn ò dé irú ìjókòó yẹn rí." Ó na ọ̀pá. "Àwọn adìyẹ mi rèé. Mo rántí wọn. Ẹlẹ́mìí pẹ̀lẹ́ ni wọ́n."

Ọkùnrin kan yọ̀ lórí àga, ó bọ́ sílẹ̀. Raoudha ń wo ibí, ó ń wo ọ̀hún. Nígbà náà ni Bàbá Mbarek dìde.

"Ọ̀gá Awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bí òkúta ńlá bá wà níwájú yín, tí ẹ fẹ́ yà sọ́tùn-ún, kí lẹ ó ṣe?"

Lamjed rẹ́rìn-ín bí olùkọ́ tó ń ṣàánú olódo. Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré náà, ó fi inú rẹ̀ han gbogbo ayé. Sítíárìn kan wà níbẹ̀, roboto, ó ń dán.

"Màá yí sítíárìn."

Ẹnu awakọ̀ mọ́kànlá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. "Katapílà ò ní sítíárìn!"

"Ọ̀pá méjì ni," Bàbá Mbarek sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "O fa tọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún á dúró, tòsì á máa rìn, katapílà á sì yà sọ́tùn-ún."

Lamjed fárígá. "Ẹ ò sọ fún mi! Kọ́tìnì lẹ sọ, agogo lẹ sọ, adìyẹ lẹ sọ, ẹ ò sọ ti ọ̀pá!"

Ìgbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ló tó pa ẹnu dé. Ó ti pẹ́ jù.

"O ò bi mí," Bàbá ní. "Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lo fi wà á. Mo rò pé o mọ̀ ni."

Ẹ̀rín wó yàrá náà lulẹ̀. Olórí àgbègbè ń fi táì nu omi ojú. Raoudha tú ìṣó lára àwo orúkọ Lamjed tí wọ́n kàn sábẹ́ katapílà náà níṣojú gbogbo wa, ó bi Bàbá léèrè ohun tí òun máa kọ.

Bàbá fi ìka kan ẹsẹ̀ agolo náà. "Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo wà á. Kí ẹ sì kọ ọ́ pé Lamjed ló kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ẹnu rẹ̀ ni kò dáa."

Bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́, Khmissa ya àárín èrò kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú katapílà náà.

"Yẹtí mi! Yẹtí wúrà tí ìyá mi fún mi! Mo ti tú gbogbo ilé!"

Ó yọ sítíárìn náà jáde, ó fi í sétí, ó gbé orí sókè, ó jáde lọ sílé.

Lamjed ṣí akoto, ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró níbẹ̀, kò mọ ibi tó máa dojú kọ mọ́.

"Ọ̀gá Awakọ̀!" ẹnì kan kígbe láti ìlà iwájú. "Fa ọ̀pá ọ̀tún!"

Ọ̀tún ni ilé wọn wà lóòótọ́. Òsì ló yà sí.