Òdòdó Òkun ní Pálọ̀ Adédùntán

Ká ní iṣẹ́ ìjọba ni fífọ́nnu, Adédùntán ì bá ti di ọ̀gá àgbà. Ó ṣe akọ̀wé díẹ̀ ní Àpápá kó tó padà wálé sí Ìkìrun, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún òkun láràárọ̀. Ẹ má bi í bóyá ó wẹ̀ nínú rẹ̀ rí. Òun náà mọ̀ pé omi ibẹ̀ kò kọjá kókósẹ̀ òun.

Nígbà tí àwọn ará Òkukù dájọ́ tí wọ́n máa wá tọrọ Ayọ̀midọ̀tun ọmọ rẹ̀, Adédùntán ní àga tuntun nìkan kò tó àwọn àna òun í wò. Ó gba Èkó lọ, ó gbé àpótí gíláàsì ńlá bọ̀, àti àpò iyọ̀ òkun, àti òkúta mélòó kan, àti ẹranko kan nínú ọ̀rá omi. Ẹ̀bá fèrèsé pálọ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀ sí.

"Òdòdó òkun rèé!" ló kígbe. "Ẹranko ni o! Kò lórí, kò lẹ́sẹ̀, ọwọ́ ló kún ara rẹ̀!"

Ojúọlá ìyàwó rẹ̀ yọjú wò ó. Ìrìn àjò ti lu ẹranko ọ̀hún bolẹ̀, ó ti rún jọ bíi tòmátì ọjọ́ mẹ́ta.

"Bàbá Ayọ̀, ṣé èyí tí wọ́n tà fún yín yìí ṣì wà láyé?"

 Adédùntán pe Dúpẹ́olúwa, ọ̀dọ́kùnrin tó tà á fún un.

"Ẹ fi sílẹ̀, sà," lọ̀dọ́kùnrin náà wí lórí fóònù. "Ẹ jẹ́ kí iná máa tàn sí i, ẹ má da omi rẹ̀ rú, ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Yóò fúnra rẹ̀ rìn lọ síbi tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ibẹ̀ ni yóò ti là bí òdòdó."

Ṣé ẹ̀yin gbọ́ "ẹ má fọwọ́ kàn án"? Adédùntán kò gbọ́ o. Ó gbé e sórí òkúta àárín, kó lè kọjú sáwọn àlejò. Ẹranko náà yọ́ sá sábẹ́ òkúta. Ó tún gbé e padà. Ó kọ orin ìyìn fún un. Ó tọ́ omi wò, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò dún.

"Ẹ kúkú fi ata sí i," ni Ojúọlá wí, "kí n wá ro ẹ̀bà."

Ṣùgbọ́n tí kò bá sẹ́ni nítòsí, ọkùnrin yìí a lẹ imú mọ́ gíláàsì, a máa bẹ̀ ẹ́: "Jọ̀ọ́, má kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọjọ́ àlejò pé. Ọkọ̀ ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà, òdòdó ṣì wà lábẹ́ òkúta. Adédùntán ká apá aṣọ sókè.

"Wọ́n ní ẹ má fọwọ́ kàn án!" ni Ojúọlá pariwo.

"Ọwọ́ ọmọdé ni kò tó pẹpẹ," ló dáhùn. "Tèmi tó ìsàlẹ̀ òkun!"

Ó ti ọwọ́ bọ omi. Yéè! Òdòdó tó ti ń ṣojo látọjọ́ yìí lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ gbàgbà, ó sì ń ta á bí èsìsì. Ó fà á, ẹranko náà ń fà tẹ̀lé e. Ó rí i pé bí òun bá fà á sí i, yóò ya. Ó wá dúró gbagidi. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Adédùntán kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kó o bá ìka.

Díákónì Adépọ̀jù, bàbá ọkọ ìyàwó, wọlé, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún Adédùntán wà nínú omi. Ta ni yóò na ọwọ́ òsì sí àna? Ó na ìgúnpá. Díákónì bọ ìgúnpá lọ́wọ́.

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí rárá, sà! Ó fẹ́ràn mi jù ni, kò fẹ́ kí n lọ." Omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbàdúrà, tòun ti bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Nígbà tí iyán dé, Ojúọlá bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú sí i lẹ́nu níṣojú àna. "Ẹ ya ẹnu, Bàbá Ayọ̀." Adédùntán fọ́nnu nípa Àpápá títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, ni ẹranko náà tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Díákónì wo ìka rẹ̀ tó wú. "Ẹni tí nǹkan ń ta báyìí tí kò fà á ya, a lè bá a dána," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, Adédùntán kò fọwọ́ kàn án mọ́. Òdòdó wá rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ sára gíláàsì ìhà pálọ̀, níbi tí oòrùn ojú fèrèsé ti ń tàn bá a. Ibẹ̀ ló lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló sì là sí, ó tàn yanran bí aṣọ ìgúnwà! Àmọ́ ìta ló kọjú sí, àgbàlá Ọláìtán aládùúgbò wọn, ẹni tí kò rìn kọjá Ìnísà rí láyé rẹ̀. Èyí tó kù fún pálọ̀ kò ju ìdí rẹ̀ rádaràda lọ.

Ọláìtán gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ fèrèsé, ó ń pe èèyàn wá wòran. Adédùntán náà a máa yí ilé ká lọ jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wá láti Èkó Ẹndẹ nítòsí wọn la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ta ló ni òdòdó tó rẹwà báyìí?"

Adédùntán wo Ọláìtán, ó rẹ́rìn-ín, ó mí kanlẹ̀.

"Ọláìtán ló ni ojú rẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo ni ìdí."