Ọ̀rọ̀ Mẹ́fà Tí Ìyá Àgbà Pa

Ṣé ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń fi dẹ́rù ba ara yín ni. Ẹ sún mọ́ mi kí n sọ ọ́, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú títí dòní.

Ìyá àgbà kan ń gbé ní ìlú Òkè-Agbọ̀n pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ṣẹ́gilọlá. Láti ìgbà tó ti ń pọn ọmọ náà ni wọ́n ti jọ ń tàkúrọ̀sọ. Àfi bí ọmọ ṣe bọ́ sẹ́gbẹ́ ọlọ́mọge tó kó ọ̀rọ̀ ìgboro wọlé. Bó bá fẹ́ lọ sílé, á ní òun fẹ́ "gbé ìkòkò". Bí nǹkan bá wù ú, á ní "ó ti kú". Lọ́jọ́ kan ìyá se àsáró, ó sè é dáadáa. Ṣẹ́gilọlá tọ́ ọ wò, ó dijú.

"Háà, Ìyá àgbà! Àsáró yìí ti kú!"

"Ta ló pa á?" Ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Nígbà tí àwa ń ṣọmọge, ẹni tí kò wúlò la máa ń sọ pé ó ti kú!"

"Ìyẹn ti pẹ́, Ìyá àgbà. Wọ́n ti yí i padà."

"Ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó yí i?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun lọ. Ó dun ìyá wọra. Ẹnu tí òun fúnra òun kọ́ lọ́rọ̀ ló wá ń sọ ohun tí òun ò gbọ́, nínú ilé òun.

Lọ́jọ́ kejì ó bá àwọn ọmọge lódò tí wọ́n ń pọnmi. Ó ní kí òun fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ kú omi o, ẹ̀yin ọmọ. Gèlè yín ti kú! Ó yá, mo ń gbé ìkòkò ní tèmi." Àwọn ọmọ wo ara wọn bí ẹni tí eṣinṣin kó sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sẹ́ni tó tún sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì mọ́.

"Ẹ ti bà á jẹ́," ni Ṣẹ́gilọlá wí, ó sì ń fajú ro. "Ta ló tún fẹ́ máa sọ ohun tí ìyá àgbà ń sọ?"

Àṣé pípa ọ̀rọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ìròyìn tàn ká ìlú, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá bẹ̀ ẹ́. Alágbẹ̀dẹ gbé iṣu wá. "Ìyá, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ọmọṣẹ́ mi tó ń dà mí lórí rú. Ẹ bá mi wá sọ ọ́." Ìyá wé gèlè, ó mú ọ̀pá, ó dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, ó sọ ọ̀rọ̀ náà sókè ketekete. Ọ̀rọ̀ kú. Ìyàwó ọdẹ gbé ẹran ìgbẹ́ wá, ọ̀rọ̀ tún kú. Nígbà tó pa ẹ̀kẹfà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ àwọn èwe lẹ́nu. Ìyá wá ń rìn láàárín ìlú bí olóyè. Ẹ rántí pé òun ló kọ́kọ́ rán ara rẹ̀ níṣẹ́ o!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá kí i láti abúlé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń ké, "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró, ọmọ ìyá mi! Wọ́n ní o ti di apọ̀rọ̀!"

Àwẹ̀ró ni oríkì ìyá. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Òkè-Agbọ̀n, ọmọdé kì í sì í pe àgbà lórúkọ. Omi lé sí i lójú. Ṣùgbọ́n Ṣẹ́gilọlá wà níbẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọge ń jẹ àgbàdo sísun lẹ́yìn ilé. Ọ̀kan ké pé, "Àwẹ̀ró!"

"Ta ló ń pè mí?" Ìyá jáde pẹ̀lú ọ̀pá.

"A ò pè yín, Ìyá àgbà. Àgbàdo la ń sọ. Ó dùn ni."

Kí ó tó di ọjọ́rọ̀, oòrùn tó mú náà ti di Àwẹ̀ró. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá fẹ́ lọ sílé, wọ́n á ní ó tó àkókò Àwẹ̀ró. Kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wí, wọn ò kúkú pe ẹnikẹ́ni. Inú bí ìyá. Ó wé gèlè, ó dúró létí odò, ó ké e títí ohùn rẹ̀ fi há: "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró!" Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Báwo ni ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe kú? Orúkọ rẹ̀ ni! Alágbẹ̀dẹ tó gbé iṣu wá pàápàá, nígbà tó fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀, kí ló ké? Àwẹ̀ró!

Ni ìyá bá kọrí sí ààfin, ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ gbà mí. Wọ́n ti gba orúkọ mi lọ́wọ́ mi."

"Ọ̀rọ̀ mélòó lo ti pa, ìyá?"

"Mẹ́fà, Kábíyèsí."

"Èyí tó wá lẹ́yìn ẹ̀fà náà ńkọ́? Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. "Oúnjẹ tó dùn ni. Oòrùn tó mú ni. Ká lọ sílé ni. Àtàǹpàkò tí òòlù bà ni. Ọkùnrin tó rẹwà ni. Ewúrẹ́ tó ń jalè ni. Ọ̀lẹ ni..." Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ó ṣì kù, Kábíyèsí. Ó ju èje lọ."

Ọba mi orí, àánú ṣe é dọ́kàn. Ó ní, "Háà, ìyá, ọ̀rọ̀ yìí mà Àwẹ̀ró o!"

Gbogbo ìjòyè dorí kodò. Ìyá wo ọba, ọba wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ìyá dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń sọ ohun tí kò yé yín, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ máa jẹ iyán yín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bó bá ṣe yín bí irọ́, ẹ lọ bi Àwẹ̀ró. Ẹ dákun, ìyá náà ni mo ń sọ o!