Ẹyin Dúdú Nínú Fíríìjì Mọ́mì

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Bí èmi tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé ẹ̀, Mọ́mì mi ò ní jẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣáínà dé nígbà náà ni. Yunifásítì mi ló rán wa lọ kàwé níbẹ̀ fún ọdún kan. Kí n tó lọ, mo ti fọ́nnu nílé pé gaàrí ni n óò máa mu láàárọ̀, pé oúnjẹ àjèjì kankan ò ní dé ọ̀fun mi. Gaàrí ọ̀hún ò lò tó oṣù kan. Lọ́jọ́ tó tán, Lín tá a jọ ń gbé yàrá mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé. Ó bu ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi dà bí ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, ó wá gé ẹyin dúdú lé e lórí. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ni. Wọ́n ti fi amọ̀ àti eérú bò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan títí funfun rẹ̀ fi dúdú, tó ń dán. Òórùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sá. Ṣùgbọ́n Lín ń wò mí, mo bá dijú, mo gbé e mì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn! Títí mo fi kúrò níbẹ̀, òun ni mò ń jẹ láàárọ̀.

Nígbà tí mo padà sílé wa ní Becontree, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkàn mi ò kúrò lára ẹyin yìí. Mo wá a kiri títí mo fi rí mẹ́fà rà, tàmọ̀-tàmọ̀. Mo kó wọn sínú abọ́, mo tì í sẹ́yìn nínú fíríìjì, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Igbe Mọ́mì ló jí mi láàárọ̀ Sátidé. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Wọ́n ti gbé ẹbọ wọ ilé mi!"

Kí n tó bọ́jú tán, Mọ́mì ti fóònù ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìjọ wa ò gbé jìnnà. Òun àtàwọn ìyá méjì dé nínú sùtánà funfun, tàwọn tàbẹ́là àti ìgò omi àdúrà. Wọ́n gbé abọ́ mi síta sẹ́yìnkùlé, wọ́n yí i ká. Bàbá òyìnbó tó múlé tì wá yọjú lórí fẹ́ǹsì: "Everything all right, love?"

"Mọ́mì, èmi ni mo ni ín!" ni mo pariwo. "Breakfast mi ni!"

Ìyá Ìjọ wò mí látòkè délẹ̀. "O ti jẹ nínú ẹ̀ rí?"

"Fún odindi ọdún kan, mà."

"Yéè! Mo gbé!" Mọ́mì káwọ́ lérí.

Àwọn ìyá náà ní àwọn máa fọ́ àwọn ẹyin náà dànù. Inú bí mi. Mo ja ọ̀kan gbà, mo bó o, mo ní, "Ẹ wò mí dáadáa, mà," mo sì ju odindi rẹ̀ sẹ́nu. Àṣìṣe kejì. Ẹyin há mi lọ́fun. Ojú mi yọ síta, mi ò lè sọ̀rọ̀, mo ń ju apá kiri.

"Ẹ̀mí ọ̀hún ti ń yọjú!" ni ìyá kan ké. Orin bẹ̀rẹ̀. Omi àdúrà dà lé mi lórí, gbogbo ìgò.

Ọlọ́run ló yọ mí tí Ìyá Ìjọ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ló mọ̀ pé ọ̀fun ló dí. Ó gbá mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ẹyin fò jáde, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ Mọ́mì.

Omi ń ro lára mi, síbẹ̀ mo na ọwọ́ mo mú òmíràn.

Ìyá Ìjọ mí kanlẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, gé èyí wẹ́wẹ́."

Mo gé e. Ó gbàdúrà gígùn lé e lórí, ó mú bíńtín tọ́ wò, ó jẹ ẹ́ pẹ́. Ó ní iyọ̀ ló kù. Mọ́mì ò tíì dárí ji Ìyá Ìjọ títí dòní.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣorí kunkun pẹ̀lú oúnjẹ, kó kọ́kọ́ rún un lẹ́nu. Ẹ má retí pé mo ronú pìwà dà o. Mo ṣì ń jẹ ẹ́. Bí mo bá sì ti gbé abọ́ sílẹ̀, Mọ́mì á ṣí gbogbo fèrèsé, á dá orin sílẹ̀, èmi náà á máa gbè é, a ó sì jọ bú sẹ́rìn-ín.