Àpá Kò Gbọdọ̀ Kan Ọkọ̀ Alága

Ẹ bá mi kí Wendell Saarela, alága abúlé Pelkola! Akọgun Yìnyín, Abẹ̀wù-awọ-yan-fanda, ọkùnrin tí ń wo dígí ọkọ̀ ju ojú ọ̀nà lọ. Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Wendell ní irọ́ ni, ọkọ̀ lẹwà.

Verna Kangas ló ń gbá yìnyín kúrò lójú títì Pelkola tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ń ké bí ewúrẹ́ tébi ń pa, àmọ́ áàsù iwájú rẹ̀, irin gbọọrọ tó so táyà méjèèjì pọ̀, le koko. Ojú Wendell wá wọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń lànà fún ìlú, ìlú á máa juwọ́ sí i, owó abúlé á sì máa rọ́ wọlé. Ló bá fi ipò alága gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Verna, ó gbé e fún ara rẹ̀.

Ó gbé ọkọ̀ tuntun dé, pupa fòò. Wọ́n so irin ìgbáyìnyín mọ́ ọn níwájú, imú ọkọ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń kí àna.

"Alága, áàsù yìí ti rọ̀ jù," ni Verna wí. "Wọ́n ṣe é kí ìdí yín má baà gbọ̀n ni. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ ká kó àpò iyanrìn sẹ́yìn, kí táyà ẹ̀yìn lè di ilẹ̀ mú. Gbogbo àwa tó ń gbá yìnyín la ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Iyanrìn kẹ̀? Kó họ ọ̀dà ọkọ̀ mi? Verna, ìlara ń bá ẹ jà."

"Ìlara kí ni? Ọkọ̀ tó ti ń dọ̀bálẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

Wendell kọ ẹ̀yìn sí i. Ìyá Hilja Tuomela ló yíjú sí. Ìyá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orí òkè ló ń gbé. Kídìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ọsibítù ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pa ọjọ́ kan jẹ.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Òkè yín yẹn, àtẹ̀gùn ilé ni lójú ọkọ̀ yìí!"

"Hùn," ni Ìyá wí.

Ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ Ìyá pé, yìnyín sì ti ga dé ojú fèrèsé. Bọ́ọ̀sì ọsibítù dúró nísàlẹ̀ òkè, kò lè gùn ún. Gbogbo ìlú jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wendell wọ ẹ̀wù awọ, ó ń juwọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀ bí ọba tuntun.

Ó rọra ń gùn ún bọ̀ títí ó fi dé kọ́nà tó wà nísàlẹ̀ ilé Ìyá. Ó yí sítíárìn. Ọkọ̀ ò yí. Táyà ẹ̀yìn ń pòòyì lásán, imú ọkọ̀ rì, irin náà gúnlẹ̀.

"Alága, ẹ yí sítíárìn!" ni àwọn ará ìlú ń pariwo.

"Mo ti yí i!"

"Ẹ yí i sódì kejì!"

"Mo ti yí i síbẹ̀ náà!"

Kàà! Áàsù kán. Táyà kan kọjú sílà oòrùn, èkejì kọjú síwọ̀ oòrùn, ọkọ̀ sì dábùú títì. Verna gbé tirẹ̀ dé, àmọ́ kò ríbi gbà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí Ìyá Hilja ti jáde síta tòun ti báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Wendell bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí nǹkan bá ṣe ìyá yìí ńkọ́?

Verna wọlé lọ gbé potikuri Ìyá jáde, àga tó dúró lórí irin gígùn méjì, tí ẹnì kan ń jókòó sí, tí ẹnì kejì ń fẹsẹ̀ tì láti ẹ̀yìn. Ó gbé e kọjá ọkọ̀ pupa, ó gbé Ìyá kà á, ó sì wo Wendell.

"Èmi? Èmi alága?"

"Àbí o tún fẹ́ lọ yan ọkọ̀ míì?" ni Ìyá wí.

Wendell bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ó yọ̀, ó fìdí jókòó, ó dìde, ó tún tì. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín wá bú lọ́tùn-ún lósì.

"Akọgun Yìnyín, ẹ rọra o!"

"Òsì! Mo ní òsì!" ni Ìyá ń pariwo. "Ṣé ìwọ náà ò ní sítíárìn ni?"

Wọ́n dé ìsàlẹ̀ láyọ̀. Òógùn bo Alága, ẹ̀wù awọ ti ya lẹ́yìn. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì gbé Ìyá wọlé, Wendell sì mí kanlẹ̀, ó fẹ́ máa lọ.

Ìyá yọrí láti ojú fèrèsé.

"Wendell, ibo lò ń lọ? Dúró síbẹ̀ dè mí. Òkè la máa gùn tí mo bá dé."