Orin Olórin Mẹ́jọ àti Ẹyọ Kan

Ẹni tó bá sọ pé òun mọ orin ju Bùsúyì lọ ní Àgọ́-Ìwòyè kò tíì bá Bùsúyì jókòó ni. Akẹ́kọ̀ọ́ orin ni ní yunifásítì. Ó ti gba orin mẹ́jọ sílẹ̀ fún àwo orin jáàsì tí wọ́n lú orin rọ́ọ̀kì mọ́, tí dùùrù sì ń ṣíwájú gbogbo ìlù. Àmọ́ orin olórin ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Olùkọ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ pé bí orin tirẹ̀ kan kò bá sí níbẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, yóò tún ọdún náà kà. Ìdí nìyí tí ó fi tún bẹ Jedidiah, atẹdùùrù ìjọ Aládùúrà kan ní Japara tó bá a tẹ dùùrù lánàá, wá sí yàrá rẹ̀. Jedidiah bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó ti dùùrù oníná.

"Ẹ̀gbọ́n, orin tuntun la fẹ́ ṣe. Ẹ gbàgbé orin ìjọ."

"Mo ti gbàgbé."

"Ẹ gbàgbé orin òyìnbó tá a ṣe lánàá náà."

"Ìyẹn ò tilẹ̀ wọ̀ mí lórí."

"Ohun tó bá ti sọ sí yín lọ́kàn ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Tí mo bá nawọ́ sókè, ẹ dúró."

Ó gbé máìkì sáàárín yàrá, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Jedidiah dijú, ó bẹ̀rẹ̀. Orin náà dùn, Bùsúyì ń mi orí. Nígbà tó tó, ó nawọ́ sókè. Jedidiah la ojú kan, ó rí ọwọ́ lókè, ó sì gbé orin gòkè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tí ẹ̀mí bá gùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró."

Dùùrù rọlẹ̀, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Mo ní ẹ dúró."

"Máa sọ ọ́ lọ, àbúrò. Mo wà lẹ́yìn ẹ."

"Kí ẹ dákẹ́ ni mo wí."

"A kì í dákẹ́ lẹ́yìn ẹni tó ń jẹ́rìí."

"Èmi ò jẹ́rìí o."

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Ìgbà wo lẹ máa ń dúró ní ìjọ yín?"

"Tí wòlíì bá lu agogo."

"Tí kò bá lù ú ńkọ́?"

"Níbi ìkórè èṣí, oorun gbé wòlíì lọ. Àwọn ìyàwó wa ló gbé oúnjẹ wá bá wa níbẹ̀."

Bùsúyì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí agogo. Ó mú ṣíbí, ó fi lu abọ́ ìrẹsì.

"Oúnjẹ ti dé," ni Jedidiah wí, ó sì bọ́ sórí orin ìdúpẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó sú Bùsúyì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró. Kòkó oko wa ní Mamu ni bàbá mi fi ń rán mi nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró. Wọn ò ní í jẹ́ kí n kọjá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná."

Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ni dùùrù ń gbè é, títí ẹ̀bẹ̀ náà fi di orin lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni iná ti lọ. Dùùrù dákẹ́ wẹ́lo.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú iná yìí lọ," ni Bùsúyì wí láti ilẹ̀, "Ọlọ́run á bù kún yín."

Bátìrì ló ń gbé kọ̀ǹpútà, kò bá iná kú. Ó dìde, ó tẹ ohun tó gbà sílẹ̀ kí ó lè pa á rẹ́. Bó ṣe gbọ́ ọ, kò pa á rẹ́ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń lọ, dùùrù ń gbè é, ó sì tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, orin tiwa rèé. A ti rí i."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"'Ẹ̀gbọ́n, Ẹ Dúró.'"

Iná dé. Inú Bùsúyì dùn, ó la ẹnu kí ó dúpẹ́, ó rí ọwọ́ Jedidiah tó ti padà sórí dùùrù, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Máa wí, àbúrò," ni Jedidiah sọ. "Ṣé láìsí dùùrù lo fẹ́ dúpẹ́ ni?"