Alága Ra Káàdì, Káàdì Kò Ríhò Wọ̀

Ẹ bá mi kí Detlef Hüttenrauch, alága ẹgbẹ́ ọlọ́gbà ní Niederlinde! Mọ̀-ọ́n-tán ọkọ Roswitha! Akọ́ni-lóhun-táyé-ti-mọ̀! Bó o bá ń gbin tòmátì jẹ́jẹ́ rẹ, á dúró sí ọ lórí, á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbin tòmátì. Bí tìẹ bá so ju tirẹ̀ lọ, á ní òjò ló ṣe é. Ọgbà tèmi ló tẹ̀ lé tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé mo ti jìyà láyé.

Lọ́dún yìí, àwọn ọmọbìnrin abúlé wa dé àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù. Wiebke, ọmọ-ọmọ Ìyá Pöschel, ló ń ṣọ́lé fún wọn. Ìyá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orúnkún kò jẹ́ kó rìnrìn àjò, kò sì tíì fojú kan ọmọ náà níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù rí. Ìkànnì kan péré ló fẹ́ gbé eré náà, ìkànnì olówó sì ni. Ẹni tí kò bá ní káàdì wọn, òkùnkùn ni yóò máa wò. Detlef nìkan ló ní káàdì náà láàárín wa.

Ṣebí kó pè wá sílé rẹ̀ ni? Háà! Ilé Detlef? Ilé tí àlejò ti ń bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn kò sì ní kó wọlé? Rárá o. Alága fẹ́ kí gbogbo ayé rí òun: nínú gbọ̀ngán ẹgbẹ́, kọ̀ǹpútà òun, ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri, àti ayàwòrán ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan. Àwo sátẹ́láìtì ti wà lórí òrùlé gbọ̀ngán. Ó wá ku túnà tí kọ̀ǹpútà yóò fi gba àwòrán. Ó ní kí n fi mọ́tò gbé òun lọ rà á.

Oríṣi méjì la bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan jẹ́ àpótí kékeré aláwọ̀ eérú, ó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú, ibẹ̀ ni wọ́n ń ki káàdì bọ̀. Èkejì wà nínú páálí tó ń dán bíi wúrà, wọ́n kọ “KÁÀDÌ TẸLIFÍṢỌ̀N” gàdàgbà sí i lára. Lọ́dọ̀ wa níbí, káàdì ni wọ́n ń pe túnà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tò sínú kọ̀ǹpútà. Káàdì náà ni wọ́n tún ń pe èyí tí ìkànnì olówó ń fúnni láti fi ṣí àwòrán wọn.

Mo ní, “Alága, èyí tó ní ihò ni ká mú. Níbo lẹ fẹ́ ki káàdì yín bọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín àánú sí mi. “Gbọ́ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀. Káàdì ni mo fẹ́ rà. Káàdì tún ń wá ihò káàdì kẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń ra fìlà fún fìlà ni?”

“Káàdì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.”

“Èmi tí mo ti ń wo sátẹ́láìtì kó o tó dé abúlé yìí!”

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àgbà tí kò wá gba ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ńkọ́? Ó gbá páálí wúrà mọ́ra bí ọmọ tuntun, ó lọ sanwó.

Nígbà tó di ọjọ́ eré, gbọ̀ngán kún fọ́fọ́. Ìyá Pöschel jókòó níwájú pátápátá, ó wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ Wiebke lé búláòsì rẹ̀ lórí. Detlef dìde, ó tún táì ṣe.

“Àwọn kan ní kí n ra èyí tó ní ihò.” Ojú mi ló ń wò. “Mo ní ihò wà fún eku!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán ya fọ́tò rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Obìnrin kan yọ lára ògiri, ó ń dín ẹyin, ó ń polówó ìkòkò. Detlef yí i. Dókítà ẹran kan ń fọwọ́ tẹ ikùn màlúù. Gbogbo ìkànnì ọ̀fẹ́ ló mọ́ kedere. Ó wá dé orí ìkànnì olówó, ògiri dúdú kirimú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki káàdì yín bọ̀ ọ́.”

“Detlef, ó ń bẹ̀ ọ́ o!” ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. “Ki í bọ̀ ọ́!”

Ó yọ káàdì lápò. Ó wo iwájú kọ̀ǹpútà, ó wo ẹ̀yìn. Ó ki káàdì náà bọ ihò káàdì kámẹ́rà, kò wọ̀ ọ́. Ó gbé e sínú ibi tí wọ́n ń fi àwo orin sí, ó tì í pa. Kọ̀ǹpútà kùn bí ẹni tí inú ń run, ó sì pọ̀ ọ́ padà. Ó yí ìkànnì, obìnrin ìkòkò tún yọ.

“Detlef, ọmọ mi dà?” Ìyá Pöschel ló béèrè.

“Ó ń bọ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀.”

“Eré ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yìí kọ́ lọmọ mi.”

Omi ti ń lé sójú ìyá arúgbó. Inú bí mi débi pé ó kù díẹ̀ kí n ju bíà mi lu ògiri.

Gbàgà! Ilẹ̀kùn ṣí. Roswitha ìyàwó alága ló wọlé, tòun ti sílípáàsì inú ilé lẹ́sẹ̀.

“Detlef! Ta ló yọ káàdì kúrò lára tẹlifíṣọ̀n mi?”

“Mo yá a ni, olólùfẹ́ mi.”

“O yá a lọ́wọ́ ta?”

Ó já káàdì gbà. Ó wo ògiri, ó wo ojú Ìyá Pöschel, ó sì mí kanlẹ̀. “Ẹ dìde, gbogbo yín. Ó di ilé wa.”

“Roswitha! Kápẹ́ẹ̀tì ńkọ́?”

“Wọ́n á bọ́ bàtà. Ṣebí ohun tó o kọ́ wọn nìyẹn.”

Ilé kò jìnnà. Ọkùnrin méjì gbé Ìyá Pöschel, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí àga aláwọ tí alága kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn. Roswitha ki káàdì sínú àpótí tẹlifíṣọ̀n, àwòrán dé lójú ẹsẹ̀. A jẹ gbogbo sọ́séèjì ilé wọn tán. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ọmọ kan ju bọ́ọ̀lù fìì, Wiebke na ọwọ́ òsì, ó gbá a dànù.

“Ọmọ mi nìyẹn!” Ìyá Pöschel ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ọwọ́ ọmọ mi!”

Ayàwòrán sáré gbé kámẹ́rà. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé bíà dúró yẹn, ẹ dákun, ẹ sún díẹ̀. Ẹ ń dí Ìyá.”

Detlef gbé àyà sókè, tòun ti ife bíà lọ́wọ́. “Èmi ni alága!”

Ìyá Pöschel kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

“A mọ̀, Detlef. Sún.”